Ẹ Ta Wáyà Yẹn Kí N Gbọ́

Chin-chin ló kó ọmọ wa yọ. A mọ̀ pé ó dún bí àwàdà, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹfà ọdún 2023, lórí odò Medway ní Kent, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Atẹ́gùn ò le. Oòrùn ràn díẹ̀, irú oòrùn tí àwọn onílùú ń torí ẹ̀ bọ́ṣọ tí àwa ṣì wọ súwẹ́tà. Ọmọ wa, ọmọ ọdún méje nígbà náà, jókòó sápá òsì níwájú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbòkun kékeré, ó ń fọwọ́ kan omi. Ló bá ní ebi ń pa òun. A ní kó wá mú chin-chin nínú báàgì lọ́dọ̀ wa lápá ọ̀tún. Ó dìde, ó rá kọjá lórí pátákó àárín, ó sì ń tú ọ̀rá chin-chin lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ "kọ́!", bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi ìdáná tó gbẹ. Òpó ọkọ̀ wó. Òpó náà gùn ju mítà mẹ́fà lọ. Ó wó sápá òsì, tòun ti ìgbòkun, tòun ti wáyà, síbi tí ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ìgbòkun bo ìdajì ọkọ̀, ìdajì ìgbòkun náà ti wọ inú omi. Ọmọ wa wo ibẹ̀, ó wo wá, ó wo ọ̀rá ọwọ́ ẹ̀, ó ní, "Ṣé mo ṣì lè jẹ ẹ́?"

Kí ẹ tó bú wa, ẹ jẹ́ ká sọ bí a ṣe débẹ̀. Tọkọtaya ni wá. A jọ ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan náà nílé, àwa méjèèjì la sì ń kọ kóòdù jẹun nílùú yìí. Nígbà tí Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, orí tábìlì ìjẹun kan ṣoṣo la ti ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà kọjú sí kọ̀ǹpútà, títí ojú wa fi fẹ́ fọ́. A ń wá ohunkóhun tí kò ní gíláàsì tó ń tàn níwájú. Ní 2021, a rí ọkọ̀ Wayfarer kan tí bàbá àgbàlagbà kan fẹ́ tà ní £650. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń fà á lẹ́yìn mọ́tò dàgbà ju ìgbéyàwó wa lọ.

Ian Proctor ló ya àwòrán Wayfarer ní 1957. Mítà 4.82 ni gígùn ẹ̀, èèyàn mẹ́ta mẹ́rin lè jókòó nínú ẹ̀ láì máa fi orúnkún gbá ara wọn. Pákó ni wọ́n fi ń ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Fáíbà ni tiwa. Ọkọ̀ tó nítàn ni o. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frank Dye wa irú ẹ̀ láti Scotland dé Iceland ní 1963. Ní 1964 ó tún wà á lọ sí Norway, ìjì ká òun àti ẹnì kejì ẹ̀ mọ́ ojú agbami, òpó ọkọ̀ ṣẹ́, wọ́n sì tún gúnlẹ̀. A ka ìtàn yẹn kí a tó sanwó. Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ló wú wa lórí.

Ohun tí ẹni tó tà á ò sọ fún wa ni pé ara ọkọ̀ fúnra ẹ̀, agbada ńlá yẹn, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Àwọn irin pẹ́pẹ̀pẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára ni wàhálà: púlì tí okùn ń gbà kọjá, eyín irin tó ń gé okùn mú kó má sá padà, ìkọ́ tí ìtọ́kọ̀ fi rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, pín-ìn tí kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ, òrùka bíńtín bíi ti kọ́kọ́rọ́ tí kì í jẹ́ kí pín-ìn yọ. Òpó ọkọ̀ pàápàá, a ò rì í mọ́lẹ̀ bí òpó iná. Ó kàn dúró ni, wáyà mẹ́ta ló ń fà á mọ́ra: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Tí ọ̀kan bá tú, ó parí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe wáyà ẹ̀gbẹ́ yìí ní shroud, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń pe aṣọ tí wọ́n fi ń di òkú. Ọ̀kan nínú wa ò fẹ́ràn orúkọ yẹn látọjọ́ kìíní. Wáyà ẹ̀gbẹ́ là ń pè é nílé wa.

Wáyà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ò já lọ́jọ́ náà, kó yé yín. Wáyà le koko. Páànù irin tí ìdí wáyà so mọ́ lára ọkọ̀ ló ṣí kúrò, torí pé bóòtì méjì tó dì í mú ti jẹ tán nínú. A sì ti rí i. Ibi tó ń dùn wá jù nìyẹn. Nínú oṣù kẹrin, nígbà tí a ń fọ ọkọ̀, a rí àmì kan tó ṣàn wá sílẹ̀ lábẹ́ páànù náà, pupa rẹ́súrẹ́sú bí omi tíì. Ọ̀kan nínú wa ní, "Kí lèyí?" Èkejì fi ọṣẹ ìfọbọ́ sí kànrìnkàn, ó bó o, ó dán. A kọjá síbòmíràn. Níbi iṣẹ́ wa, tí ìkìlọ̀ bá yọ lójú ẹ̀rọ, tí ẹnì kan sì pa ìkìlọ̀ náà rẹ́ láì wo ohun tó fà á, a mọ orúkọ tí à ń pè é. A ti bá ọmọ ọlọ́mọ wí lórí ẹ̀ rí, ní ìpàdé, lójú gbogbo èèyàn.

Ọkọ̀ agbanilà ti ẹgbẹ́ tí a wà wá fà wá wálé. Gbogbo wa ló wọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó, ọmọ wa sì ti jẹ chin-chin yẹn tán. Ọkùnrin tó fà wá ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn mú kíkù bóòtì náà, ó yí i wò lábẹ́ oòrùn, ó dá a padà sọ́wọ́ wa bí ẹni dá ṣéńjì padà.

Orí bóòtì ń kọ mọ̀nà bíi dígí. Ọrùn ẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Stainless tí wọ́n ń pè é, ṣé ẹ rí i, kì í ṣe pé kì í dógùn-ún rárá. Ohun kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ chromium, tó máa ń bá oxygen hun awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú ò lè rí bo irin náà. Tí nǹkan bá ha á, awọ náà á tún ara ẹ̀ hun, bí oxygen bá ṣáà ti wà nítòsí. Níbi tí omi iyọ̀ bá sé mọ́, lẹ́yìn wáṣà, lábẹ́ gọ́ọ̀mù tó ti gbó, nínú ihò bóòtì, oxygen ibẹ̀ á tán. Awọ ò ní lè hun mọ́. Iyọ̀ á wá máa jẹ irin lábẹ́lẹ̀, ìta á ṣì máa dán. Bóòtì tuntun méjì kò tó £5.

A ti pinnu pé a máa tà á. A ya fọ́tò ẹ̀, a kọ ìpolówó, a ò sì parọ́: òpó ti wó, ẹni tó bá rà á máa ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Àmọ́ gbogbo ọjọ́ Sunday la máa ń pe Bàbá lórí WhatsApp, ọmọ wa ò sì mọ ohun tó yẹ ká fi pamọ́. Ó ní, "Bàbá àgbà, òpó ọkọ̀ wa wó, chin-chin ni mò ń jẹ."

Bàbá tó bí ọ̀kan nínú wa, tí wọ́n jẹ́ bàbá ìyàwó fún èkejì, kànkọ̀kànkọ̀ ni wọ́n, ní ìlú kékeré kan létí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí Ayétòrò. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n mọ àsìkò tí ẹ́ńjìnnì ò tíì gbòde, tí àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn ń ta aṣọ sórí ọkọ̀ ẹja, tí atẹ́gùn á máa gbé wọn lọ. A ò tíì sọ fún wọn rí pé a ní ọkọ̀. Kí la fẹ́ sọ? Pé ohun tí wọ́n fi jẹun, tí wọ́n fi rán wa níwèé ká má bàa ṣe é, òun la wá ń fi ṣeré lọ́jọ́ Sátidé?

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. A rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló dá. Wọ́n wá ní, "Ẹ mú bóòtì yẹn súnmọ́ fóònù." A mú un súnmọ́ ọn. "Ẹ yí i." A yí i.

"Ibo ni omi ti ń jókòó nínú ọkọ̀ yín?"

A ní a máa ń gbọ́n ọn dáadáa, sà, a tiẹ̀ ra pọ́ǹpù.

"Mi ò bi yín bóyá ẹ ń gbọ́nmi. Mo ní ibo ló ti ń jókòó? Omi tó ń kọjá lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Èyí tó bá rí àga jókòó lẹ máa wá kiri."

Ọ̀kan nínú wa dákẹ́ títí ìpè yẹn fi parí. Nígbà tó yá ló sọ ohun tó ṣe é. Ọmọ márùn-ún ni Bàbá bí, mẹ́ta jẹ́ ọkùnrin. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn ló máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó gbé oúnjẹ lọ, kó dúró de àwo, kó gbé e bọ̀. Tó bá dúró wòran pẹ́ jù, wọ́n á bi í pé ṣé kò níṣẹ́ nílé ni. Nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà, ọ̀kan wà ní báńkì, ọ̀kan ń wa dáńfó l'Ékòó, ọ̀kan ti dolóògbé. Kò sí èyí tó mú àáké. Ìbéèrè tí Bàbá bi wá lọ́jọ́ náà ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í nípa ọkọ̀ láyé ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni.

Lọ́jọ́ Monday, a yọ ìpolówó kúrò. A ò tiẹ̀ jíròrò ẹ̀.

A gbé ọkọ̀ sẹ́yìn ilé wa, a fi tapólì bò ó, a sì fi gbogbo òtútù ọdún yẹn tú u wò. Iṣẹ́ tí à ń ṣe ló ń dà wá láàmú, a kọ́kọ́ ṣí ìwé Excel, a ka gbogbo irin tó wà lára ẹ̀, ó jẹ́ 63, a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti àwọ̀: pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Bàbá ò fẹ́ mọ̀. Wọ́n ní ká máa tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká má tú èkejì títí tí a ó fi dá àkọ́kọ́ padà, nítorí ẹni tó tú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á gbàgbé bó ṣe rí, á wá máa fi ọgbọ́n orí dá a padà. Kò sẹ́ni tó ń kọ kóòdù tí ọ̀rọ̀ yẹn ò ní gún lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn páànù tó ṣí yẹn, pákó tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn ti rà, ó ń rún bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì. Àga tí omi rí jókòó nìyẹn. A yọ ọ́, a ge tuntun. Ihò bóòtì kọ̀ọ̀kan, a lu ú fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ, a fi gọ́ọ̀mù epoxy dí i pátápátá, irú bíi áráldáìtì. Nígbà tó gbẹ la wá lu ihò tó ṣe wẹ́kú sí àárín epoxy náà. Bí omi bá tiẹ̀ wọlé, epoxy ló máa bá, kò ní bá pákó. A fi wáṣà ńlá sẹ́yìn, kí agbára tó ń fà á lè tàn káàkiri dípò kó máa gún ojú kan.

A rí síkúrù idẹ mẹ́rin létí ọkọ̀ tí àwọ̀ wọn ti yí padà, wọ́n pọ́n bí ẹran ara tuntun lábẹ́ egbò. Ìwé sọ fún wa pé zinc inú idẹ ni iyọ̀ ti kó lọ, bàbà tó ṣẹ́kù ti di nǹkan oníhò wẹ́wẹ́ bíi kànrìnkàn. Bàbá ò mọ zinc. Wọ́n wo fóònù, wọ́n ní, "Ìyẹn ti kú, kò tíì ṣubú ni." A fi pílásì tẹ ọ̀kan, ó ṣẹ́ bí èékánná.

Síkúrù kan wà lára òpó o, a ò ní gbàgbé ẹ̀. Aluminium ni òpó, stainless ni síkúrù. Bí irin méjì tí kò jọra bá fara kanra nínú omi iyọ̀, bátìrì ni wọ́n dà yẹn. Èyí tí kò lágbára á máa fi ara ẹ̀ sanwó iná. Aluminium ló máa ń sanwó. Ó ń ya ìyẹ̀fun funfun jáde, ìyẹ̀fun náà á wá fún síkúrù mọ́ra bí ẹni pé wọ́n jọ bí wọn ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà wá. A fi epo sí i, a fi omi gbígbóná sí i, a fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́, a bú u. Ọ̀kan nínú wa ní ká fi sílẹ̀, ó ti di mú, kí la tún fẹ́? Èkejì ní bí a ṣe sọ nìyẹn nígbà tí a rí omi tíì. Ìyẹn dìjà. Ìjà náà kúrò lórí síkúrù, ó dé orí ẹni tó fi kànrìnkàn bó páànù lọ́jọ́ yẹn àti ẹni tó kàn bi "Kí lèyí?" tó sì bá tiẹ̀ lọ. A wà nínú ọgbà nínú òtútù, a ń sọ ohun tí a ti gbé mì láti oṣù kẹfà: pé a lè ti pa ọmọ wa. A sọ ọ́ jáde lẹ́nu, àwa méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn a wọlé, a sè indomie. Ní ọjọ́ kejì orí síkúrù já, a fi dírìlì lu ìyókù jáde, a sì fi ìpara Duralac sáàárín irin méjèèjì kí wọ́n má tún ríra mọ́.

Odò tí à ń gbé ọkọ̀ sí yìí, òun ló ṣàn kọjá Chatham, níbi tí wọ́n ti kan HMS Victory tí wọ́n gbé e sómi ní 1765. A sọ ọ́ fún Bàbá kí ọ̀rọ̀ lè dùn. Wọ́n ní igi wo ni wọ́n fi kàn án. A ní oak ló pọ̀ jù. "Ṣé ó ṣì wà?" A ní ó wà ní Portsmouth, orí ilẹ̀ ni wọ́n gbé e sí láti 1922. "Ta ló ń tún un ṣe?" A ní wọn ò tíì yé tún un ṣe títí dòní. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

Ohun tó ya wá lẹ́nu jù ni pé wọn ò fẹ́ràn pín-ìn àti òrùka tó so ìdí wáyà mọ́ páànù. Wọ́n ní ká yọ ọ́, ká fi okùn dì í. Okùn! Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Okùn á sọ fún yín. Á yọ irun, á yí àwọ̀, á le gan-gan, ẹ ó sì rí i. Irin yín yìí, yíyan ló ń yan títí ọjọ́ ikú ẹ̀." A lọ wádìí, a sì rí i pé àwọn ọlọ́kọ̀ ayé òde òní náà ti ń padà sídìí okùn, okùn Dyneema, tó lágbára ju wáyà irin tí wọ́n jọ wúwo bákan náà lọ. A ra èyí tó jẹ́ mílímítà 3. Wọ́n máa ń yí i lọ yí i bọ̀ láàárín ojú wáyà àti ihò páànù lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba díẹ̀ nínú ẹrù náà, kí wọ́n tó fi ìdí okùn dì í lọ́rùn pa.

Dídì yẹn ò yé wa. Bàbá kọjú sí wa nínú fóònù, ọ̀tún wọn ni òsì wa, gbogbo ohun tí a bá dì ló ń tú. Ní ìgbà kẹta, wọ́n ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ń bá wọn di fóònù mú bọ́ sẹ́yìn wọn, kó na fóònù kọjá léjìká wọn. Ìgbà yẹn la rí ọwọ́ wọn bí ẹni pé ọwọ́ tiwa ni, bí ẹni pé a dúró sẹ́yìn wọn níbi ìkànkọ̀. Ọ̀kan nínú wa dì í ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó mú. Bàbá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Tú u, tún un dì." Ó tún un dì. Ó dì í ní ìgbà mẹ́jọ ní alẹ́ yẹn.

Ọmọ tó di fóònù mú gbàgbé ara ẹ̀, ó yí kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́. A rí òkun. Ẹ ti gbọ́ ìròyìn Ayétòrò, bí òkun ṣe ń gbé ilé lọ níbẹ̀ ọdún dé ọdún. Ìlú wọn náà wà lára ẹ̀. Ìgbà tí a délé kẹ́yìn, igi àgbọn wà láàárín ilé ìdáná àti omi. Kò sí igi àgbọn mọ́. Bàbá ti gbé ilé yẹn sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. A bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká gba ilé fún wọn l'Ókìtìpupa, a máa sanwó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n jọ̀ọ́. Wọ́n jẹ́ ká sọ ọ́ tán. "Mo fi òpó tuntun mẹ́rin gbè é lóṣù tó kọjá." A ní ṣùgbọ́n, sà. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ fi wáṣà ńlá sẹ́yìn páànù ọ̀hún?"

A ní a ti fi sí i, sà.

Oṣù karùn-ún ọdún 2024 la gbé òpó náà dìde. Omi ń kún, ẹrẹ̀ Medway ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ọmọ wa, tó ti pé ọdún mẹ́jọ, di wáyà iwájú mú, ó kọ̀ láti jẹ ohunkóhun. A fa okùn ọ̀tún, a fa okùn òsì, a dì wọ́n. Òpó dúró. Lójú wa, ó dúró ṣánṣán. A pe Bàbá, a gbé fóònù yí ọkọ̀ ká. Àwòrán ń gé, nẹ́tíwọ̀kì ọ̀dọ̀ wọn ò dáa lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní ká pa kámẹ́rà.

"Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ọ̀tún. Ẹ ta wáyà yẹn kí n gbọ́."

A fi ìka ta á bí ẹni ta gìtá. Ó dún.

"Tòsì."

A ta tòsì.

"Ti ọ̀tún ń wí mí, tòsì ń wí re. Ẹ dẹ tọ̀tún díẹ̀."

Ọ̀kan nínú wa tú okùn ọ̀tún, ó dẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n èékánná, ó tún un dì láì wo ọwọ́ ẹ̀. Ọmọ wa ló ta á lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. A dákẹ́. Nínú fóònù, a ń gbọ́ nǹkan kan tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn èémí wọn.

"Ẹ dúró ná," Bàbá wí. "Omi ń pariwo níbí. Ẹ tún un ta."